Ọwọ́ Ta Ni Òwú Wà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Gandhi àti Kẹ̀kẹ́ Ìrànwú

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Àwòrán Mohandas Gandhi níbi tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ ìrànwú ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé àdúrà ni ó ń gbà, àwọn mìíràn sì rò pé ó kórìíra ẹ̀rọ. Èrò tèmi, tí àwọn tó ti ń gbọ́rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé n kò ní yé sọ, ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́ náà: ọwọ́ ta ni òwú wà? Ahunṣọ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò fún un ní òwú kí ó tó rí iṣẹ́ ṣe, alágbàṣe ni, bí òfì náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Kò mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé kékeré tí ó kọ ní 1909, ó ti sọ pé iṣẹ́ ìhunṣọ àtọwọ́dá ni yóò yọ Íńdíà kúrò nínú òṣì, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rántí pé òun ti fojú kan òfì tàbí kẹ̀kẹ́ ìrànwú rí nígbà náà. (Ẹ̀rín láàrin àwùjọ.) Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tiwa náà ń kọ̀wé nípa oko.

Ó padà sí Íńdíà ní 1915, ó sì dá ibùdó sílẹ̀ nítòsí Ahmedabad, èyí tí ó kó lọ sí etí odò Sabarmati ní 1917. Wọ́n gbé òfì mélòó kan kalẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan láàrin wọn. Ọ̀gá ahunṣọ tí wọ́n mú wá láti Palanpur kò sì kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí ó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń ṣe. Maganlal Gandhi, ìbátan rẹ̀, ló lo làákàyè títí iṣẹ́ náà fi yé e, tó sì wá kọ́ àwọn yòókù.

Wàyí o, nígbà tí wọ́n mọ aṣọ hun tán ni wọ́n tó rí ibi tí ìdè wà. Òwú tí wọ́n ń lò, láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ti ń wá. Àwọn ahunṣọ ìta tí wọ́n bẹ̀ pé kí wọ́n lo òwú Íńdíà kò gbà àfi bí ibùdó bá ṣèlérí láti ra gbogbo aṣọ tí wọ́n bá hun, nítorí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè òkun ni ó mọ́ wọn lọ́wọ́. Gandhi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà láìbò: a ti sọ ara wa di aṣojú tí ń bá ilé iṣẹ́ òwú polówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Gangabehn Majmundar, opó kan tó láyà, ni ó lọ wá kẹ̀kẹ́ ìrànwú kiri títí tí ó fi rí i ní Vijapur, ní ilẹ̀ ọba Baroda. Ẹ gbọ́ ohun tí ó bá níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé ló ní kẹ̀kẹ́, òkè àjà ni wọ́n kó o sí gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí kò wúlò mọ́. Àwọn obìnrin náà ní àwọn ṣe tán láti ran òwú, bí ẹnìkan bá lè máa kó òwú gbígbọ̀n, èyí tí a ti gbọ̀n ṣùgbọ́n tí a kò tíì ran, fún àwọn déédéé, tí yóò sì ra èyí tí àwọn bá ran. Ìmọ̀ kò sọnù, irinṣẹ́ kò sọnù. Ẹni tí yóò gbé òwú wá tí yóò sì ra á ni kò sí.

Láti ilé iṣẹ́ Umar Sobani, onílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Bombay, ni òwú gbígbọ̀n kọ́kọ́ ti wá. Gandhi ní kò tọ́: bí a bá ń gba òwú gbígbọ̀n lọ́wọ́ onílé iṣẹ́, kí ló dé tí a kò kúkú gba òwú ríran lọ́wọ́ rẹ̀? Gangabehn bá wá agbọ̀nwú tó ń gba rúpìì márùndínlógójì lóṣù, ó sì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń yí òwú tí a ti gbọ̀n ní ìdì tẹ́ẹ́rẹ́. Khadi, ìyẹn aṣọ tí a fi ọwọ́ ran òwú rẹ̀ tí a sì fi ọwọ́ hun, àkọ́kọ́ tí wọ́n hun ní ibùdó ná wọn ní ánà 17 fún yáàdì kan, ánà 16 sì ni rúpìì kan, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ínṣì 30 lọ. Gandhi kìlọ̀ fún Gangabehn pé bí kò bá rí ìró tó fẹ̀ tó ínṣì 45 láàrin oṣù kan, òun yóò máa wọ èyí tó kúrú náà káàkiri. Kí oṣù tó pé, ìyá náà gbé ìró méjì tó fẹ̀ tó ínṣì 50 dé.

Umar Sobani yìí kan náà ló mú kí ó pàdé onílé iṣẹ́ mìíràn tó ṣí i lójú. Onílé iṣẹ́ náà sọ fún un pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ìpínlẹ̀ Bengal sí méjì, tí gbogbo ènìyàn fi ìbínú ní aṣọ ilé làwọn yóò máa rà, ńṣe ni àwọn onílé iṣẹ́ gbówó lórí ọjà. Àwọn tó ń yin iná tí Gandhi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi jó aṣọ òkè òkun ní Bombay ní oṣù keje 1921 kì í rántí apá yìí. Iná dùn ún wò. Ta ni yóò ran òwú tí a ó fi rọ́pò ohun tí ó jó?

Sí àwọn tó ní ó kórìíra ẹ̀rọ, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ó yin ẹ̀rọ ìránṣọ Singer. Ní 1929, wọ́n kéde ẹ̀bùn rúpìì 100,000 fún ẹni tó bá ṣe kẹ̀kẹ́ ìrànwú tó dára jù, a kò sì rí ẹni tó yege.

Mo fẹ́ bọ́ sórí àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú akéwì Tagore lórí kẹ̀kẹ́ ìrànwú ní 1925 nígbà tí ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń sọ ọwọ́ tí òwú wà. Èló ni wọ́n ń san fún obìnrin tó ń ran án?”

Owó táṣẹ́rẹ́ ni, Mà. Ìdáhùn Gandhi ni pé àgbẹ̀ Íńdíà máa ń jókòó láìríṣẹ́ ṣe fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán lọ́dún, ànìkún owó oko sì ni ti kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín gbún àríyànjiyàn tèmi ní kẹ́sẹ́, nítorí ẹgbẹ́ àwọn aránwú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925 ni ó wá di ẹni tó ní òwú lọ́wọ́, òun ló sì ń dá iye owó ọ̀yà. Gandhi náà rí i. Ní 1935 ó fi dandan lé e pé kí wọ́n fi kún owó àwọn aránwú. Àwọn tó ń ta khadi ké pé aṣọ yóò wọ́n, pé àwọn oníbàárà yóò sá. Ó ní kí ẹni tó ń rà á san iye tó yẹ, kí aránwú náà sì kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ṣe pàtàkì ju iná Bombay lọ.

Alága ti fi aago hàn mí. Tagore di ọjọ́ mìíràn, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Kumarappa àti ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ abúlé ti 1934 náà yóò dúró. Ti àsíà Íńdíà nìkan ló kù fún mi. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú ni ó wà láàrin àsíà ẹgbẹ́ Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira, ní 1931. Ní oṣù keje 1947 wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ Ashoka, ọba Íńdíà àtijọ́, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ṣì ní khadi ni kí a fi ṣe àsíà. Ní oṣù Kejìlá 2021 ìjọba yí òfin náà padà, wọ́n gba aṣọ ẹ̀rọ àti polyester láyè. Àwọn tó ń ṣe àsíà khadi ní ìlú Hubballi ní gúúsù Íńdíà fẹ̀hónú hàn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé bí a kò bá ra àsíà lọ́wọ́ àwọn mọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń ran òwú rẹ̀ bọ́ nìyẹn.