Orin wa lọ́wọ́ ọmọ Croydon

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní West Croydon, ní gúúsù London, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni Samuel Coleridge-Taylor, ọ̀gá nínú kíkọ orin sílẹ̀, ti ṣubú lọ́dún 1912, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Òtútù àyà ló pa á lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 37 péré!

Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, dókítà ni. Bàbá yẹn ti padà sí Áfíríkà kí wọ́n tó bí ọmọ náà ní London lọ́dún 1875. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, òyìnbó, ló wà tó fi dàgbà ní Croydon níbí. Lọ́dún 1898, orin rẹ̀ Hiawatha's Wedding Feast sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ gíní 15, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ló gbà lórí rẹ̀, ó parí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé orin yẹn ni wọ́n tà, kò kan òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n jókòó síwájú maikirofóònù lálẹ́ yìí ni ìwé orin dùùrù tó gbé jáde lọ́dún 1905, 24 Negro Melodies. Láàárín àwọn orin tí àwọn ẹrú kọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ "West Africa" sí lórí. Oloba lorúkọ rẹ̀. Victoria Randle ti Èkó ló fún un, ọmọ Sarah Forbes Bonetta, Àìná wa tí wọ́n mú lójú ogun lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Coleridge-Taylor fúnra rẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Orin ló wá a wá.

Wọn ò fi àmì ohùn sórí orúkọ Oloba yẹn. Nítorí náà, mo ń fetí sí ibi tí dùùrù ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ gángan tó ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin méjì kọjá lójú mi ní West Croydon níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Mo fi orin náà ráńṣẹ́ sí màmá mi l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí mo pè wọ́n, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ìka lu tábìlì.

"Tún un gbé sí i," ni wọ́n wí.