Obìnrin Tó Ń Gbá Mọ́sálásí, àti Alhaja Humuani Alága

As-salaamu alaykum warahmatullahi wabarakatuh. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, a kú Jímọ̀ o.

Obìnrin kan wà ní Mọ̀dínà láyé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó jẹ́ pé gbígbá ni ó máa ń gbá mọ́sálásí. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó ní kí ló dé tí wọn kò fi sọ fún òun? Abu Hurayra tó gba hádíìsì yìí wá ní àfi bí ẹni pé wọ́n fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ànábì ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì lọ kírun sí i lára níbẹ̀.

Ojú kékeré yẹn ló ń dùn mí. Òun náà la fi ń wo àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ alásàlátù. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹgbẹ́ obìnrin, ankárá àti ìrẹsì ló ń sọ sí wa lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Alhaja Humuani Alága, ọmọ Ìbàdàn. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, àwọn sì ni aṣáájú àwọn obìnrin aláṣọ níbẹ̀. Wọn kò ka ìwé òyìnbó. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí àwọn alákọ̀wé kan kò kọbi ara sí. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ń rọ́ wọlé, wọ́n á ka ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ńkọ́? Àwọn ìjọ mísọ́nnárì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ọmọ Mùsùlùmí mìíràn sì ní láti yí orúkọ padà kó tó ráàyè níbẹ̀. Ní 1958, Alhaja àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn dá Isabatudeen, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí, sílẹ̀. Ní 1964, ilé ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin Isabatudeen ṣí ilẹ̀kùn n'Ìbàdàn.

Ọdún mẹ́fà nìyẹn! Ẹ ro iye ìpàdé, iye owó dídá, iye ìgbà tí wọ́n á ti pa ìsọ̀ tì nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Títí Ọlọ́hun fi gbà wọ́n ní 1993, wọn kò fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀sìn kò fẹ́ kí obìnrin jáde ṣiṣẹ́ ìlú, kó lọ bi ìtàn Umm Atiyya, obìnrin kan tó wà láyé Ànábì. Ogun méje ni wọ́n bá Ànábì lọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, wọ́n ń dúró ti aláìsàn. Nínú Súrà Tawbah, ẹsẹ 71, Ọlọ́hun ní àwọn onígbàgbọ́ òdodo lọ́kùnrin àti lóbìnrin, alátìlẹyìn ara wọn ni wọ́n.

Ìyá kan wà ní mọ́sálásí tiwa. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, rọ́bà ni wọ́n fi dì í. Orúkọ àwọn opó àdúgbò ló wà nínú rẹ̀, àti owó tí wọ́n fún kálukú: igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, pẹ̀lú déètì rẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Àwa ọkùnrin ń tẹ fóònù, a gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Èmi náà kọjá.

Lónìí, bí a bá ti sálámà tán, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Ìyá tó di ìwé ẹgbẹ́ mú ní mọ́sálásí tiyín náà, ẹ wá wọn lọ, ẹ béèrè ohun tó kù nílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú Alhaja Alága, kí Ó máa fi láádá gbogbo ọmọ tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ bá wọn ní sàréè. Àmín.