Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló yẹ kẹ́ ẹ kó sínú eré ilé ìwé yín?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n gbé eré orí ìtàgé lé lọ́wọ́. Ẹ ti yan eré, ẹ ti kéde, àwọn ọmọ sì ti ya dé bí omi. Ká ní ọmọ 40 ló fẹ́ ṣeré, ẹ̀dá ìtàn 12 ló sì wà nínú ìwé eré. Mélòó lẹ máa mú?

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í, torí náà ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ dúró síbẹ̀. Olùkọ́ á ka àwọn tó wá, àánú á ṣe é, á kó gbogbo wọn. Ọmọ 12 á sọ̀rọ̀, 28 tó kù á di “ará ìlú”. Ará ìlú tó ń ṣe kí ni? Tó dúró lẹ́yìn! Olùkọ́ mìíràn á ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, á rí orúkọ 12, á mú 12, á ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ORÍ ÌTÀGÉ NI KẸ́ Ẹ TI KÀ Á, ẸNU Ọ̀NÀ KỌ́!

Báwo la ṣe ń kà á láti orí ìtàgé? Ẹ mú bébà kan tó fẹ̀. Ẹ to orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn wá sísàlẹ̀ lápá òsì, kẹ́ ẹ to àwọn ìran sórí láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ wá fi àmì sí gbogbo ìran tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti fara hàn. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ fi àmì sí i! Ẹni tó gbé lẹ́tà wọlé, tó sì jáde, ó wà lórí ìtàgé. Ẹ wo ìran tí àmì pọ̀ sí jù. Bó bá jẹ́ 9, iye yín kò lè dín ní 9, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá.

Ẹ̀dá méjì tí kì í pàdé nínú ìran kankan, ọmọ kan lè ṣe méjèèjì. Àmọ́ bí ìran tí ọ̀kan ti jáde bá lẹ̀ mọ́ èyí tí èkejì ti wọlé, ọmọ yẹn ò ní ráyè pààrọ̀ aṣọ. Ẹ fi ìran kan sáàárín.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ní Átẹ́ńsì àtijọ́, nílẹ̀ Gíríìsì, ó ti lé ní 2,400 ọdún báyìí, òǹkọ̀wé eré kan tó ń jẹ́ Aeschylus sọ òṣèré tó ń sọ̀rọ̀ nínú eré di méjì, òǹkọ̀wé eré mìíràn, Sophocles, sì fi ẹnì kẹta kún wọn. Àwọn 3 yìí náà ló ń fi ìbòjú ṣe ọba, tí wọ́n ń padà wọlé bí ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn elégbè wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n jẹ́ 12 tẹ́lẹ̀, Sophocles sọ wọ́n di 15. Wọn ò dúró bí òpó o! Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń bá ọba sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an làyè àwọn ọmọ yín wà. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún iye tẹ́ ẹ rí nínú bébà yẹn, ẹ kọ gbólóhùn kan: kí ló wá ṣe nínú ìran yìí? Ọ̀kan ń wá àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan jẹ gbèsè, kò fẹ́ kí ọba rí òun. Bí ẹ ò bá rí gbólóhùn kọ, ọmọ yẹn ò tíì ní ipa. Mo tún un sọ: ỌMỌ TÓ BÁ WÀ LÓRÍ ÌTÀGÉ GBỌ́DỌ̀ NÍ IṢẸ́ LÓRÍ ÌTÀGÉ!

Ẹnì kan á ní, “Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbábọ́ọ̀lù tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: ó mọ̀ pé wọ́n lè pe òun nígbàkigbà, ó múra sílẹ̀. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn lásán ò tilẹ̀ tó ẹni orí bẹ́ǹṣì. Yóò máa fọwọ́ fa aṣọ, yóò máa wá màmá rẹ̀ láàárín èrò, ojú èrò á sì kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wọn ìtàgé. Kíákíá lèyí: ẹ fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀, kí wọ́n na apá. Bí apá bá ń gbá ara wọn, wọ́n ti pọ̀ jù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé náà, torí gbogbo ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ ríbi dúró sí nínú òkùnkùn.

Ìfidánrawò wá ńkọ́? Bí ọmọ 30 bá wà, tí kálukú kàn pa ẹyọ kan jẹ nínú ìfidánrawò 10, ẹ pín in wò: ní ìpíndọ́gba, ọmọ 3 ni kò ní sí níbẹ̀ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá pàdé. Ẹ̀yin lẹ máa tún kọ́ wọn. Àwọn kan á ní ká kó ikọ̀ òṣèré méjì, kí wọ́n máa gbà á fúnra wọn. Bí ẹ ò bá ní àkókò ìlọ́po méjì, ẹ má dán an wò. Ikọ̀ kejì ni ìyà máa ń jẹ.

Nínú ọmọ 40 yẹn, èmi á mú 12, máa fi elégbè 8 tàbí 10 kún wọn, bí ìtàgé bá gbà wọ́n. Láàárín elégbè ni màá ti yan ẹni tó máa dípò olórí òṣèré bí àìsàn bá dé, torí ó ti wà nínú ìran náà tẹ́lẹ̀. Iná, ohùn, aṣọ, gbígbé ẹrù wọlé àti jáde, iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn. Ẹ pe àwọn ọmọ tí kò ní ṣeré lórí ìtàgé lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.