Wọn Kì Í Pọnmi Níbẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi há lónìí, òtútù London ni o, kì í ṣe ẹkún. Ẹkún ṣì ń bọ̀.

Mo lọ sí Lisbon, ní Pọ́túgà. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, báàlù ìdájí, báàgì tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wúwo ju báyìí lọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n fò ó. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó, ilé ni gbogbo owó ìsinmi mi ń bá lọ? Lọ́dún yìí ìsìnkú, lọ́dún tó ń bọ̀ ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí ò sì lópin. Mo wá ní rárá, èmi náà á lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí ní àǹtí, n ó jókòó, n ó mu kọfí, n ó máa ya fọ́tò bí ọmọ olówó.

Fọ́tò. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún mi, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Ìlú yẹn rẹwà, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n òkè! Wọ́n ní orí òkè méje ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta nílé bàbá mi, mo rò pé mo mọ òkè. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni wọ́n tò sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dán bí àwo, bí òjò bá kán sí i, kí kálukú yáa di ògiri mú. Mo rí ìyá arúgbó kan tó gbé àpò ànàmọ́ kọjá lára mi, ó ń gòkè lọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Èmi ti dúró, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo fèrèsé onífèrèsé. Haha! Orúnkún mi ló ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún ní ìpápánu kan, pastel de nata. Ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà nínú ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ́ kí orí ẹ̀ jó díẹ̀. Mo jẹ mẹ́fà lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó bá mọ màmá mi, ẹ má sọ fún wọn o, àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé wa.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ọmọkùnrin tó gbàwé lọ́wọ́ mi bi mí pé níbo ni wọ́n bí mi sí. Mo ní Lagos. Hàáà! Inú ọmọ yìí dùn. Ó ní àbúrò ìyá òun ń gbé níbẹ̀, ó ní kò sí etíkun tó dára tó tibẹ̀, ẹja yíyan ibẹ̀ nìkan tó kí ènìyàn wọkọ̀ lọ. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi, ṣé Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ yìí ń sọ ni àbí Màkókó? Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé àwa méjèèjì. Lagos tiwọn wà lọ́tọ̀, ní Algarve, níhà gúúsù, ó sì ti wà níbẹ̀ kí Potogí kankan tó fojú kan ọ̀sà wa. "Adágún omi" lásán ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lédè wọn. Ìyá mi àgbà ò pe Lagos rí títí wọ́n fi kú. "Mò ń r'Èkó" ni wọ́n máa ń wí. Àwa la kàwé, àwa là ń pariwo Lagos.

A rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí mo padà dé London ni mo tó kà nípa Lagos tó ń sọ yẹn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹrú 235 kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1444, tí wọ́n pín wọn lójú Ọmọba Henry ti Potogí, ìyá lápá kan, ọmọ lápá kejì. Lọ́dún 2009, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n bá bá egungun ènìyàn dúdú tó ju 150 lọ níbi tí àwọn ará àtijọ́ ń da ilẹ̀ sí. Ààtàn o.

Ó dáa. Fọ́tò yẹn.

Ọjọ́ kẹta ni, ọ̀sán ti pọ́n, ebi ń pa mí. Mo yà sí òpópónà tóóró kan. Ilé kọfí lọ́tùn-ún, ilé kọfí lósì, òdòdó nínú ìkòkò, aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí orúkọ òpópónà náà lára ògiri: Rua do Poço dos Negros. Negros ò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún mi, àbí? Poço ni mo fi fóònù wò. Kànga. Kànga Àwọn Ènìyàn Dúdú!

Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ìgboro. Mo ti rí i lójú inú mi: àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú korobá, wọ́n tò, wọ́n ń jà, "èmi ni mo kọ́kọ́ débí," "ta ló gbé korobá tèmi kúrò?" Gẹ́lẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo fara ti ògiri, mo jẹ́ kí orúkọ náà wà lókè orí mi, mo na ìka méjì, mo ṣí gbogbo eyín síta. Mọ́kànlá ni mo yà. Mo fi èyí tó dára jù sórí WhatsApp ẹbí wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ wá wo kànga wa ní Pọ́túgà o! Ta ló fẹ́ pọnmi?" Kíá ni àbúrò mi dáhùn: "Ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì méjì kalẹ̀."

Ìyá kan wà níwájú ilé kọfí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi mọ́ọ̀pù nu àtẹ̀gùn. Ènìyàn dúdú bíi tèmi, ó wé gèlè kékeré mọ́rí, á ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí igi mọ́ọ̀pù, ó ń wò mí títí mo fi yà á tán. Ọmọ Cape Verde ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Rotterdam rí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, mo tún ń rẹ́rìn-ín lọ, mo ní torí kànga ni, mo ní mò ń rò ó bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń pọnmi.

Ó ní, "Wọn kì í pọnmi níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó wá sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún mi, kò ju gbólóhùn méjì lọ, ló bá ti mọ́ọ̀pù bọ korobá, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n mu omi.

Lọ́dún 1515, Ọba Manuel kìíní kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìlú Lisbon. Ó ní òun gbọ́ pé bí ẹrú bá kú, wọn kì í sin ín dáadáa, wọ́n kàn ń gbé e jù síta tí ajá ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n lọ gbẹ́ kòtò jíjìn kan, kí wọ́n máa ju òkú ẹrú sínú ẹ̀, kí wọ́n sì máa da cal lé wọn lórí, ìyẹ̀fun funfun kan báyìí, kí òkú lè tètè tán. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é o. Òórùn ló ń dà á láàmú, kó má lọ kó àrùn bá ìlú. Ẹrú náà sì pọ̀: nígbà tí wọ́n kàyè ènìyàn lọ́dún 1551, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pé 10,000 nínú 100,000 ènìyàn.

Mo mọ ẹni tó ti ń gbé ọwọ́ sókè. Bùrọ̀dá tó máa ń ka gbogbo nǹkan. Ẹ ní àwọn kan sọ pé àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì aláṣọ dúdú tó wà nítòsí ibẹ̀, ni "negros" ń tọ́ka sí. Mo ti gbọ́. Ṣé mọ́ǹkì náà ló kọ lẹ́tà 1515 ni? Lẹ́tà wà, kòtò wà nínú lẹ́tà, apá ibẹ̀ ni ọba ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ẹ jẹ́ kí mọ́ǹkì ó sinmi.

Ohun tó ń dùn mí gan-an, kì í ṣe lẹ́tà. Ìyá yẹn dúró dè mí ni. Mọ́kànlá! Ó jẹ́ kí n ya mọ́kànlá. Kò pariwo lé mi lórí, kò yọ ẹnu. Ó dúró bí ẹni dúró de ọmọdé tó ń ṣeré nílé òkú, tí kò mọ̀ pé òkú ló wà nílẹ̀. Ìgbà mélòó ló ti rí irú mi?

Ẹ̀yin kan ń sọ pé, "Àǹtí, ìsinmi lẹ lọ. Kí ló kàn yín kàn kòtò? Òyìnbó kì í ronú báyìí tó bá rìnrìn àjò." Ta ló sọ fún yín? Àwọn náà ń lọ wo ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn wọn, wọ́n máa ń bọ́ fìlà, wọn kì í na ìka méjì. Èmi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lọ Lisbon. Ẹ lọ! Ẹ jẹ nata, ẹ wọ tíráàmù aláwọ̀ yẹ́lò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ di báàgì yín mú. Mo kàn ń sọ pé mo ka ibi tí wọ́n ti ń ta nata tó dára jù fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ, mi ò ka ìlà kan ṣoṣo nípa ẹni tó gbé ibẹ̀ kí n tó débẹ̀. Èmi! Ọmọ Àkàndé, tó ń bú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí pé wọn ò mọ ìtàn.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e mo lọ sí Belém, àdúgbò kan ní Lisbon. Gbogbo ènìyàn ló ń lọ, ẹ̀yin náà á lọ. Ère ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ ojú omi, Henry ló síwájú, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọdún tí àwa gba òmìnira! Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín ère 33, ìyá Henry, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n tẹ́ àwòrán ayé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. Ta ló fi ta wọ́n lọ́rẹ? South Africa. Ní 1960. Ẹ fúnra yín ro irú South Africa tí 1960 jẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fò láti orí Brazil bọ́ sórí Áfíríkà. Mo wá apá ọ̀dọ̀ wa, mo dúró síbẹ̀, àbúrò òyìnbó kan ní ṣé kí òun bá mi yà á. Mo ní rárá, ẹ ṣé.

Èyí tí ẹ ti ń dúró dè ló kù. "Ṣé àwa kọ́ la tà wọ́n ni?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jókòó. Àwa la tà wọ́n. Mi ò ní jiyàn. Ẹ wo Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Lọ́dún 1821 tí wọ́n kó o lẹ́rú, àwọn Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tó jó ìlú náà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, ọwọ́ Potogí ló sì bọ́ sí nígbẹ̀yìn, inú ọkọ̀ Potogí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní 1822. Nítorí náà mo mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, èmi ò tilẹ̀ fẹ́ lo òwe yẹn fi bo ẹnikẹ́ni láṣìírí, ẹni tó gbé e jalè, ẹni tó gbà á jalè. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú òkú tó wà nínú kòtò? Ṣé òun ló ta ara ẹ̀ ni? Bí wọ́n bá jí ọmọ yín gbé, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ló júwe ilé, ṣé ẹ ò ní sunkún ọmọ mọ́ ni? Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ti fẹ́ ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin á gbé "àwa la tà wọ́n" jáde bí ẹni gbé ọmọrí ìkòkò. Ó sú mi!

Ẹ sì tún ní, "Kì í kúkú ṣe Yorùbá ni wọ́n." Òótọ́ ni. Ní 1515, ìhà Senegal àti Guinea àti Kóńgò ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ìyá Cape Verde yẹn, ṣé Yorùbá ni? Ó pè mí lọ́mọ ẹ̀ ṣáá.

Mo bínú díẹ̀, ẹ má bínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo máa padà, mo gba Largo de São Domingos kọjá. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: obì! Àwọn ìyá ará Guinea-Bissau jókòó, wọ́n ń ta obì láàárín Lisbon. Mo pariwo "obì!" lóhùn rara, wọ́n yíjú wò mí. Gbànja ni, kì í ṣe àbàtà, aṣọ tútù ni wọ́n fi bò ó nínú bẹ́síìnì. Ọmọ ìjọ ni mí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, mi ò bọ nǹkan kan. Mo ra ẹyọ mẹ́rin, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1959, ògiri inú ẹ̀ ṣì ní àpá. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Rosary ti àwọn aláwọ̀ dúdú wà láyé àtijọ́. Ara iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n sin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Mo jẹ obì kan tán níbẹ̀. Ó korò dé ọ̀fun.

Mi ò tíì pa fọ́tò náà rẹ́. Mo ti gbé ìka lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi náà, torí màmá mi ti fi í ṣe DP. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ń kí wọn pé ọmọ wọn ń gbádùn lókè òkun. Wọ́n pè mí lánàá, wọ́n ní ẹ̀rín yẹn ni àwọn fẹ́ràn, pé ó pẹ́ tí àwọn ti rí eyín mi. Wọ́n ní kí ni wọ́n kọ sórí ògiri yẹn?

Mo ní orúkọ àdúgbò ni, Mà.