Àtúnṣe Ìlànà Tí Àwọn Ìjọ Jọ Ń Lò: Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́kọ́ Dé?

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin díákónì àti ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti bá yín sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Bí a bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ìlànà tí ìjọ púpọ̀ jọ ń lò, ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ ni ó yẹ kí àkọsílẹ̀ àbá àtúnṣe náà kọ́kọ́ dé, kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìjọ tó fọwọ́ sí i.

Láti 1855 tí míṣọ́nnárì T. J. Bowen ti gbé iṣẹ́ ìhìnrere Onítẹ̀bọmi dé ìlú yìí, ohun tí a ń kọ́ni ni pé ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe àkóso ara rẹ̀ lábẹ́ Kristi. Ìlànà tó wà láàrin ìjọ àti ìjọ wá di àdéhùn, ẹni tí a kò sì pè síbi àdéhùn kì í fi tọkàntọkàn mú un ṣẹ. Ní 1888, ní Èkó, míṣọ́nnárì W. J. David yọ Pásítọ̀ Moses Ládẹ̀jọ Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbọ́ ti ìjọ, ìyapa ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 26 kọjá kí ìhà méjèèjì tó jọ dá ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1914, Mọ́jọlà Agbébí, tí ó wà lára àwọn tó yà kúrò, ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí ìgbìmọ̀ òde òní tí ń ṣe bí ẹni pé ìtàn yìí kò kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibì kan dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìlànà ló sọ pé kí ìjọ má ṣe gba ọmọ ìjọ mìíràn wọlé láìsí lẹ́tà láti ìjọ tó ti ń bọ̀. Arákùnrin kan tó wà lábẹ́ ìbáwí yóò kó lọ sí ìjọ tó wà ní òdìkejì títì, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi na ọwọ́ ọ̀tún ìdàpọ̀ sí i, ìyẹn ni pé wọ́n gbà á ní ọmọ ìjọ, níwájú gbogbo ìjọ, kí ìjọ tó ti kúrò tó gbọ́. Ìgbìmọ̀ yóò ní kí a mú òfin le sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi akọ̀wé ìjọ tuntun náà léèrè: yóò fi hàn yín pé àwọn kọ lẹ́tà béèrè, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó fèsì, nítorí pé ìlànà kò sọ ẹni tí yóò fèsì àti ìgbà tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Bí a bá kọ ọ́ pé kí akọ̀wé ìjọ tí ẹni náà ti kúrò fèsì láàrin ọjọ́ 30, àti pé bí èsì kò bá wá, kí ìjọ tuntun fi tó ẹgbẹ́ létí kí ó tó gba ẹni náà, a ti tún ibi tó bàjẹ́ gan-an ṣe. Àwọn akọ̀wé ló mọ èyí, a kì í sì sábà pè wọ́n.

Nípa bí a ó ṣe kọ àbá náà, kí a kọ ìlànà àtijọ́ sí apá kan, kí tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìdí àtúnṣe wà lábẹ́ wọn, ní èdè Yorùbá tí ìyá ìjọ lè kà fúnra rẹ̀. Kí a sì fún ìjọ ní àyè láti jíròrò rẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Àbá tí a kò bá gbà, kí a kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí ìjọ tó mú un wá. Ìjọ tí a kò dá lóhùn kò ní mú àbá wá mọ́.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí 15, ohun mẹ́rin péré ni ìpàdé Jerúsálẹ́mù kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ, síbẹ̀ wọ́n tún rán Júdásì àti Sílà láti fi ẹnu sọ ohun kan náà. Àwọn ìjọ abúlé wa tí kò ní akọ̀wé nílò irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn méjì lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n ka àbá náà lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n jókòó dáhùn ìbéèrè, kí wọ́n sì kọ gbogbo àtakò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó.