Orin kan, olùkọrin mẹ́rin: ẹ pín in kó tó jáde

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin olùkọrin àti ẹ̀yin tó ń ṣe bíìtì láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ṣàgámù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Rihanna gbé "Lift Me Up" jáde fún fíìmù "Black Panther: Wakanda Forever". Orin náà dé ipò kejì lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ohùn Rihanna ni gbogbo ayé gbọ́, àmọ́ ènìyàn mẹ́rin ló kọ ọ́: Rihanna fúnra rẹ̀, Tems ọmọ wa, Ludwig Göransson, àti Ryan Coogler tó darí fíìmù náà. Wọn ò pe Tems ní olórin àlejò níbẹ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olùkọrin.

Dúkìá méjì ló wà nínú orin kan. Ọ̀rọ̀ àti ohùn orin jẹ́ ti àwọn tó kọ ọ́. Èyí tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ṣètò ìgbàsílẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti da méjèèjì pọ̀.

Ká ní regbérégbé kan ní kí gbajúmọ̀ olórin ṣe orin Ojúde Ọba fún wọn. Ó pe ẹnì kan kó wá kọ oríkì, ẹlòmíràn dá ègbè sílẹ̀, ẹnì kẹta ṣe bíìtì. Kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní sítúdíò, ẹ kọ ìwé ìpín: àkọlé orin, ọjọ́, orúkọ àbísọ oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tó fi ń kọrin, ẹgbẹ́ tó ń bá a gba owó, bíi MCSN, ohun tó ṣe, ìdá tirẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìfọwọ́sí. Olórin lè gba 30, olóríkì 25, elégbè 20, oníbíìtì 25. Ó gbọ́dọ̀ pé 100 géérégé. Bí kálukú bá lọ forúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba owó, tí olórin kọ 50, oníbíìtì 40, olóríkì 30, ó ti di 120 nìyẹn. Owó á há síbẹ̀ títí wọn ó fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tó ń dùn mí jù ni owó ọwọ́. Wọ́n á fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí ọmọ tó kọ orin, wọ́n á ní àwọn ti rà á. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé. Àdéhùn ẹnu lè fúnni láyè láti lo orin, kò lè sọni di oní-nǹkan.

Ẹ̀yin tó sì ń yọ ìlà àpàlà àtijọ́ sínú orin tuntun, ẹ ṣọ́ra. Ọdún 1983 ni Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, papò dà. Ẹ̀tọ́ orí orin tó kọ wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún náà, ìyẹn títí di ìparí 2053. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó wọ sítúdíò, nítorí bí orin bá ti gbòde, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè bu lé e.