Àdírẹ́sì abẹ́ lẹ́tà: bí àwọn olùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ṣe rí ara wọn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ràn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni mo gbé wá, àti ọ̀rọ̀ àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe nínú ilé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ìtàn ìrìn àjò sí òṣùpá, ìtàn ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, ìtàn bí ayé yóò ṣe rí lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, irú wọn ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ̀rọ̀ òṣùpá púpọ̀ lónìí. Àdírẹ́sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àdírẹ́sì ilé lásán, nítorí ibẹ̀ ni mo gbà pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1926, Hugo Gernsback bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà kan jáde ní New York. Amazing Stories ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nìkan ló ń gbé. Ọmọ Luxembourg ni Gernsback, ó dé Amẹ́ríkà ní 1904, ó sì ti ń ta ohun èlò rédíò kó tó di atẹ̀wé. Ó ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, wọ́n tún máa ń tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, ìlú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ó ń ka ìtàn tí bàbá rẹ̀ ń pè ní ìsọkúsọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ń ro bí wọn yóò ṣe dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ìwé, ó rí lẹ́tà ẹnì kan tó ń jiyàn lórí ohun tí òun náà ti ń rò láti ọjọ́ yìí, ó sì rí ibi tí ẹni náà ń gbé. Ó mú gègé, ó kọ̀wé sí i tààrà. Bí èsì bá ti dé, olóòtú ti kúrò láàárín wọn nìyẹn. Ká ní wọ́n ti gé àdírẹ́sì yẹn dànù nítorí àyè ni, ó dá mi lójú pé ẹgbẹ́ tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí ì bá pẹ́ gan-an kó tó dìde.

Lẹ́tà di ẹgbẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1930, àwọn kan tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn káàkiri Amẹ́ríkà gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, The Comet, pẹ̀lú Raymond Palmer gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Ọ̀pọ̀ ló ka The Comet sí àkọ́bí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti gbá Palmer nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ìwé kíkà ló sì fi ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tó di 1938, Palmer yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olóòtú Amazing Stories.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó máa ń mú mi lọ́kàn jù ni ti Harlem, àdúgbò kan ní New York. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1929, kí The Comet tó jáde rárá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní New York ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Scienceers. Àwọn ń pàdé lójúkojú. Ilé ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ ni wọ́n ti ń pàdé, ní Harlem. Warren Fitzgerald ni orúkọ rẹ̀, ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ènìyàn dúdú sì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ rántí irú Amẹ́ríkà tó wà ní 1929: ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni òfin tàbí àṣà kò ti jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó jẹun. Ní oṣù keje 1930, ẹgbẹ́ náà gbé ìwé tirẹ̀ jáde, The Planet, Allen Glasser sì ni olóòtú rẹ̀.

Glasser yìí ló kọ ìrántí nípa Fitzgerald sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, inú ìwé pẹlẹbẹ àwọn olùfẹ́ ló sì kọ ọ́ sí. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí bíi pé àná òde yìí ni ènìyàn dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Orí àga ènìyàn dúdú ni wọ́n jókòó sí. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Báwo wá ni ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe ń ṣe ìwé? Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní hectograph. Wọn yóò po gelatin mọ́ glycerin, wọn yóò gbé e kaná, wọn yóò dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ, yóò sì dì bí ẹ̀kọ tútù. Wọn yóò fi yíǹkì àkànṣe, elése àlùkò, kọ̀wé sórí bébà, wọn yóò wá da ojú bébà náà dé orí gelatin kí yíǹkì lè wọ inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí i kúrò, wọn yóò máa fi bébà funfun lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fọwọ́ pa á, wọn yóò ká a. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ máa ń hàn kedere, ṣùgbọ́n tó bá fi máa tó nǹkan bí àádọ́ta, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti ń ṣá.

Ẹni tó bá rọ́wọ́ họrí díẹ̀ á lo stencil. Àwọn tó ti ṣe ìdánwò nílé ìwé wa kí kọ̀ǹpútà tó dé mọ ohun tí mò ń wí. Nílé ìwé tèmi, tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, òórùn yíǹkì á gba ọ́fíìsì akọ̀wé kan, a ó sì máa gbọ́ bí Gestetner ṣe ń yí gbirigbiri. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọ́n á yọ ríbọ́ọ̀nù táípúráítà kúrò lọ́nà kí irin lẹ́tà lè gún ìda orí stencil, wọ́n á fi stencil wé àgbá tó ní yíǹkì nínú, wọ́n á máa fọwọ́ yí i. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà lè tibẹ̀ jáde. Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ó di kí wọ́n fi oje dí ojú ihò, kí wọ́n dúró kó gbẹ, kí wọ́n tún un tẹ̀. Mo ń ròyìn gbogbo èyí nítorí àwọn kan máa ń sọ pé eré ọmọdé ni. Ẹni tó yí ojú ewé ogún, tó tò wọ́n yí tábìlì ká, tó kàn wọ́n pọ̀, tó lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, iṣẹ́ ló ṣe. Owó ọ̀yà rẹ̀ sì ni lẹ́tà: ẹni tó bá kọ èsì sí ohun tó kà, tàbí tó fi ìwé tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, ni yóò rí ẹ̀dà mìíràn gbà.

Ní 1937, Donald Wollheim àti John Michel dá ètò kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FAPA. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣe ìwé tirẹ̀, á fi ẹ̀dà tó pọ̀ tó ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹni náà á dì wọ́n papọ̀, á sì fi ìdì kan ránṣẹ́ sí olúkúlùkù. Ó jọ èésú lójú mi, èésú tí gbogbo ènìyàn ń kó lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Ohun tó tinú ìwé wọ̀nyí jáde lè yà yín lẹ́nu. Ní Cleveland, Jerry Siegel ń ṣe ìwé kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joe Shuster tó ń ya àwòrán. Nínú èyí tó jáde ní oṣù kìíní 1933, ìtàn kan wà níbẹ̀ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní Superman. Ọ̀daràn ni nínú ìtàn yẹn. Ní 1938 ni ayé tó mọ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí ti akọni.

Òkun kò dí lẹ́tà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1937, nǹkan bí ogún ènìyàn pé jọ sí gbọ̀ngán kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpéjọ tiwọn. Àwọn ará Philadelphia ní àwọn ló ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn ará New York ti wá kí wọn ní 1936 tí wọ́n sì pè é ní àpéjọ. Leeds ni mo fara mọ́: wọ́n gba gbọ̀ngán, wọ́n kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Arthur C. Clarke, tó wá di gbajúgbajà òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, gbà ní 2019 fún ìwé ìtàn kan tó gbé kalẹ̀ sí Nàìjíríà.

Eyín àti ahọ́n pàápàá ń jà. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1939, àpéjọ tí wọ́n pè ní ti àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní New York, torí pé World's Fair, ìpàtẹ ńlá ti àgbáyé, ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú náà. Nǹkan bí igba ènìyàn ló wá. Ray Bradbury, tí òun náà di òǹkọ̀wé olókìkí lẹ́yìn náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, yá owó lọ́wọ́ olùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Forrest Ackerman, kó tó lè ti Los Angeles wá. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, àwọn mẹ́ta tó ṣètò rẹ̀, Sam Moskowitz, William Sykora àti James Taurasi, dá mẹ́fà dúró nínú àwọn Futurians, ẹgbẹ́ olùfẹ́ mìíràn ní New York, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wollheim àti Michel wà lára wọn, Frederik Pohl náà wà níbẹ̀. Ìjà àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ òṣèlú ló fà á, àti ìwé pélébé kan tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olùṣètò, tí wọ́n rí òkìtì rẹ̀ níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí nínú gbọ̀ngán. Ní tèmi, àṣìṣe ni. Ẹgbẹ́ tí àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni dá sílẹ̀ kò yẹ kó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà á nínú ìwé wọn.

Títí di ìgbà yẹn, ìwé wọ̀nyí kò ní orúkọ kan pàtó. Ní oṣù kẹwàá 1940 ni Russell Chauvenet, ọ̀kan nínú àwọn olùfẹ́, dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: fanzine, ìyẹn fan (olùfẹ́) àti magazine (ìwé àtìgbàdégbà) tí wọ́n so pọ̀. Etí Chauvenet ti di láti kékeré. Mo máa ń rò ó pé lórí bébà, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ní oṣù kan náà, ní Leeds, Michael Rosenblum bẹ̀rẹ̀ Futurian War Digest. Rosenblum ti kọ̀ láti jagun nítorí ẹ̀rí ọkàn. Bébà di ọ̀wọ́n, sítáǹpù kò rọrùn, ó ń bá àwọn mìíràn fi ojú ewé tiwọn sínú ẹ́ńfílọ́òpù kan náà. Ó ń ṣe é títí di 1945.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, tó kan ìgbà ìbéèrè, ọmọdébìnrin kan bi mí pé ṣé irú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa. Mo dárúkọ Omenana fún un, ìwé àtìgbàdégbà ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ti Áfíríkà, tí Mazi Nwonwu àti Chinelo Onwualu bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sì sọ fún un pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn Nommo, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kọ irú ìtàn yìí, ní 2017.

Bàbá kan wá béèrè ibi tí àwọn ìwé àtijọ́ náà wà. Púpọ̀ ti run. Ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ yíǹkì elése àlùkò yẹn, bébà olówó pọ́ọ́kú sì máa ń rún bí ewé gbígbẹ. Ṣùgbọ́n Rusty Hevelin, tó bá wọn lọ sí àpéjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tirẹ̀ jọ títí tó fi kú ní 2011, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé ìkàwé Yunifásítì Iowa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú ewé wọn, nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ìwé, wọ́n sì ké sí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda àkókò rẹ̀ kó bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn. Bàbá náà ní kí n kọ orúkọ yunifásítì yẹn sílẹ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìkésíni rẹ̀, mo sì kọ àdírẹ́sì mi sí abẹ́ rẹ̀.